Ẹrù tí géèmù gbọ́dọ̀ gbé àti èyí tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí Linux

Géèmù tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò tóbi. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Ìbàdàn ló ṣe é. Ẹ̀gbọ́n, obìnrin, ló ya àwòrán tó sì ṣètò orin. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kọ kóòdù ní èdè C++, ó fi SDL2, láíbìrì tó ń bá géèmù bójú tó fèrèsé, ohùn àti páàdì, ṣe ìpìlẹ̀, ó sì ń fi OpenGL, ọ̀nà tí ètò fi ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀, gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Ní 2023 ni wọ́n gbé ẹ̀dà ti Windows jáde, ó sì ń tà níwọ̀nba. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń lo Linux fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè tiwọn. Àbúrò rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, torí Ubuntu 22.04, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, ló wà lórí láptọ́ọ̀pù tó fi ń kọ kóòdù, orí rẹ̀ náà ló sì ti ń dán géèmù wò lójoojúmọ́. Ó kọ̀mpáílì rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó sọ kóòdù di ètò tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ sínú zip lórí kọ̀ǹpútà Windows tirẹ̀, wọ́n sì gbé e sórí ìkànnì tí wọ́n ti ń tà á.

Ẹjọ́ tó tẹ̀lé e kò jọra. Ẹnì kan ní òun tẹ géèmù náà lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ìkìlọ̀ kankan kò sì jáde. Ẹlòmíràn tó ń lo Ubuntu 20.04 fi ohun tó rí nínú terminal ránṣẹ́:

version `GLIBC_2.34' not found

Ẹnì kẹta ṣeré dé ìpele kejì láìsí wàhálà, àmọ́ bí ìpele kẹta bá ti fẹ́ ṣí, géèmù a kú. Ẹnì kẹrin ní tòun ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀rí ẹnì kẹrin yìí ló ṣì wọ́n lọ́nà jù, torí ó jẹ́ kí wọ́n gbà pé kọ̀ǹpútà àwọn yòókù ló ní àrùn.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń di ẹrù géèmù fún Linux. Kò sí ìgbésẹ̀ tí àbúrò yìí gbé tí kò ní ìdí tó mọ́gbọ́n wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn látẹnu àwọn tó ti ṣe é rí. Ohun tó sọnù nínú ìmọ̀ràn wọ̀nyẹn ni àlàyé ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìdí nìkan ló lè mọ ibi tí ìmọ̀ràn náà ti máa já a kulẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí géèmù kú mọ́ lọ́wọ́ ní ìpele kẹta, ibì kan náà ni ìṣòro àwọn méjèèjì ti wá: díìsìkì kan tí wọ́n ń gbé kiri nínú ilé. Díìsìkì yẹn ni iṣẹ́ fi ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n dé ọ̀dọ̀ àbúrò, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ sí exFAT, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí díìsìkì fi ń to fáìlì, kí Windows àti Linux lè jọ kà á. exFAT kì í ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kóòdù ń béèrè `ohun/ilu.ogg`, fáìlì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ `ohun/Ilu.ogg`. Lórí Windows, ó ṣí. Lórí Linux àbúrò náà, ó ṣí, torí orí díìsìkì yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́. Lórí ext4, ọ̀nà ìtò fáìlì ti Linux, tó wà nínú kọ̀ǹpútà ẹni tó ra géèmù, `ilu` àti `Ilu` kì í ṣe ọ̀kan, orin ìpele kẹta kò sì sí níbi tí kóòdù ti lọ wá a.

exFAT kò tún ní ibi tó ń kọ àṣẹ ìṣiṣẹ́ sí, ìyẹn àmì tí Linux fi ń mọ̀ pé fáìlì kan ṣeé mú ṣiṣẹ́. Bí o bá so irú díìsìkì bẹ́ẹ̀ mọ́ Linux, gbogbo fáìlì orí rẹ̀ ló sábà máa ń hàn bí ẹni pé wọ́n ní àṣẹ náà. Àbúrò kò ní ìdí láti ronú kàn án. Zip tí wọ́n sì wá dì lórí Windows kò gbé àmì yẹn dání rárá. Ẹni tó rà á ní láti kọ `chmod +x`, àṣẹ tó ń fún fáìlì ní àmì yẹn, kó tó lè ṣeré, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Díìsìkì kan ṣoṣo ló bo àbùkù méjì mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń béèrè, kí n tó béèrè ohunkóhun, pé orí irú díìsìkì wo ni wọ́n ti ń dán géèmù wò. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò gba agbára: a sọ gbogbo orúkọ fáìlì di lẹ́tà kékeré, a kó iṣẹ́ náà lọ sórí ext4, a sì ń dì í ní tar.gz láti orí Linux, torí tar máa ń tọ́jú àṣẹ ìṣiṣẹ́.

Ti GLIBC le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láíbìrì ni mo ń pe àwọn fáìlì tí `.so` máa ń wà lára orúkọ wọn, tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò. glibc ni láíbìrì tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ètò orí Ubuntu, Debian, Fedora àti irú wọn ń gbà bá kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ ní nọ́ńbà ẹ̀dà lára. Bí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ bá yí iṣẹ́ kan padà, wọn á fún un ní nọ́ńbà tuntun, wọn á sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ síbẹ̀ kí ètò àtijọ́ má bàa bàjẹ́. Nítorí náà, ohun tí a kọ̀mpáílì lórí glibc àtijọ́ máa ń ṣiṣẹ́ lórí tuntun. Èyí tí a kọ̀mpáílì lórí tuntun ni kò dájú lórí àtijọ́.

Ubuntu 22.04 ní glibc 2.35. Ubuntu 20.04 àti Debian 11 ní 2.31. Láàárín méjèèjì ni ẹ̀dà 2.34 wà, tó jáde ní oṣù kẹjọ 2021. Nínú ẹ̀dà yẹn ni wọ́n kó libpthread wọnú libc fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì fún `__libc_start_main`, ẹnu ọ̀nà tí ètò C àti C++ ń gbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní nọ́ńbà tuntun. Kódà bí ètò rẹ kò bá ṣe ju kó kọ "ẹ káàárọ̀" sójú terminal lọ, bí o bá kọ̀mpáílì rẹ̀ lórí 22.04 bó ṣe wà, yóò béèrè GLIBC_2.34. Kò sí ìlà kan nínú kóòdù àbúrò tó fa èyí.

Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ráhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí níwájú àwọn ará Debian ní DebConf 2014. Ó sọ bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ṣe ń di Subsurface, ètò àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi, fún Windows àti Mac, ṣùgbọ́n tí dídì í fún oríṣiríṣi Linux di ìnira. Kernel tí ó ń tọ́jú ní òfin pé ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ olùlò kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Àwọn tó ń kó ẹ̀yà Linux jọ kò di òfin yẹn mú tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún àbúrò nígbà tó yá, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀: bí ó bá le fún Torvalds, kì í ṣe ọgbọ́n òun ló kéré.

Ṣùgbọ́n mo ti ń sáré ṣíwájú ìtàn. Kó tó kàn sí mi, ó ti gbìyànjú .deb. Ìrònú rẹ̀ ni pé .deb ni wọ́n fi ń fi nǹkan sórí Ubuntu, apt, ètò tó ń fi .deb sórí kọ̀ǹpútà, á sì bá òun wá láíbìrì tó kù. apt ka ìwé inú .deb náà, ó rí i pé ó ń béèrè libc6 tí kò kéré sí 2.34, ó sì kọ̀ fún ẹni tó wà lórí 20.04. Ìṣòro kan náà ni, ohùn tó fi sọ ọ́ ló yàtọ̀. Àwọn tó wà lórí Fedora kò tilẹ̀ rí ohun tí wọn á fi .deb ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ní Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká, tí SteamOS rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Arch wá, tí ibi tí ètò inú rẹ̀ wà kò sì ṣeé kọ nǹkan sí bó ṣe dé láti ilé iṣẹ́.

Èrò mi lórí .deb kò yí padà: ohun èlò tó dára ni fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún. Debian máa ń kọ̀mpáílì ètò kọ̀ọ̀kan láti inú kóòdù rẹ̀ fún ẹ̀dà Debian kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi máa ń bára mu. Ẹni tó ń ta géèmù tí kóòdù rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Yóò kọ̀mpáílì lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbi gbogbo.

Lẹ́yìn .deb, ó ka ìmọ̀ràn kan pé kí ó kó gbogbo láíbìrì tí géèmù ń lò sínú fódà kan, kí ó sì fi `LD_LIBRARY_PATH` darí géèmù síbẹ̀. Ó lo `ldd`, àṣẹ tó ń to láíbìrì tí ètò kan nílò, ó kó gbogbo ohun tí `ldd` kà sílẹ̀, títí kan libc.so.6. Lórí Ubuntu 20.04, ìkìlọ̀ náà yí padà: "relocation error", pẹ̀lú GLIBC_PRIVATE nínú rẹ̀. Kódà àṣẹ kékeré bíi `dirname` tó wà nínú ìwé àṣẹ tó ń ṣí géèmù náà kú, torí òun náà ti gba libc àjèjì láti inú fódà yẹn. Ìdí ni pé libc àti `ld-linux-x86-64.so.2`, tó ń kó ètò wọlé, jọ ní àṣírí tí àwọn méjèèjì nìkan mọ̀, ẹ̀dà kan náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọ̀nà `ld-linux` ti wà nínú ètò fúnra rẹ̀, ti kọ̀ǹpútà onílé ni yóò sì lò, ohun yòówù kí o kó sínú fódà.

Ó yọ libc kúrò. Ó ṣe ohun tó tọ́ lẹ́yìn náà: ó fi Ubuntu 20.04 sínú ẹ̀rọ afarawé lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó kọ̀mpáílì géèmù náà níbẹ̀, ó sì kó láíbìrì yòókù láti ibẹ̀ sínú fódà. Ẹni tó wà lórí 20.04 ránṣẹ́ pé ó ti ṣí. Ti Debian 11 ṣí. Láptọ́ọ̀pù àbúrò fúnra rẹ̀ ṣí i. Wọ́n kéde pé ìṣòro ti tán.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tí géèmù náà ti ń ṣiṣẹ́ fún látẹ̀yìnwá ni ẹjọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹnì kan lórí Fedora, ẹnì kan lórí Arch. Ohun tí géèmù sọ fún wọn kò ju èyí lọ:

Couldn't find matching GLX visual

Àbúrò fara balẹ̀ to ẹjọ́ wọ̀nyẹn jọ, ó sì rí ohun kan: gbogbo àwọn tó kùnà ló ń lo káàdì àwòrán AMD tàbí Intel. Gbogbo àwọn tó ní Nvidia, títí kan òun fúnra rẹ̀, ń ṣeré lọ. Ó wá kọ ọ́ sí ojú ìwé tí wọ́n ti ń tà á pé Nvidia nìkan ni géèmù náà ń gbà lórí Linux. Nígbà yẹn ló kọ̀wé sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé driver AMD, ètò tó ń darí káàdì àwòrán rẹ̀, kò dára fún OpenGL? Mo ti fẹ́ yọwọ́ nínú Linux."

Ìbéèrè yẹn ni kókó ìtàn yìí. Ohun tó rí kò purọ́. Nvidia ń ṣiṣẹ́, AMD àti Intel kò ṣiṣẹ́. Ohun tó fà yọ nínú rẹ̀ ló ṣì í lọ́nà. Mo bi í pé nígbà tó kọ́kọ́ gbé zip àkọ́kọ́ jáde, ta ni ẹnì kẹrin yẹn tí kò rí ìṣòro? Ó lọ wò ó: Fedora, pẹ̀lú AMD. Kọ̀ǹpútà kan náà tó ṣí zip àkọ́kọ́ ló kọ̀ láti ṣí èyí tuntun. Driver náà kò yí padà. Ẹrù inú géèmù ló yí padà.

Mo ní kí ẹni yẹn ṣí géèmù láti inú terminal pẹ̀lú `LIBGL_DEBUG=verbose` níwájú rẹ̀, kó sì fi gbogbo ohun tó bá jáde ránṣẹ́. Láàárín ọ̀pọ̀ ìlà ni èyí wà: MESA-LOADER ní òun kò lè ṣí radeonsi, driver AMD, torí pé `libstdc++.so.6`, láíbìrì èdè C++, tó wà nínú fódà géèmù kò ní `GLIBCXX_3.4.30`, tí libLLVM sì ń béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gbìyànjú swrast, èyí tó ń ya àwòrán láìlo káàdì, ìyẹn náà sì kùnà nítorí ohun kan náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Mesa ni driver OpenGL fún AMD àti Intel lórí Linux. Kì í ṣe inú kernel nìkan ni driver yìí ń gbé. Apá rẹ̀ tó pọ̀ jù jẹ́ láíbìrì tó ń wọ inú géèmù fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ṣí, tó sì ń gbé nínú àyè ìrántí kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Mesa ń lo LLVM láti kọ̀mpáílì ohun tí káàdì àwòrán máa ṣe, èdè C++ ni wọ́n sì fi kọ LLVM, nítorí náà ó nílò libstdc++. Nínú ètò kan tó ń ṣiṣẹ́, libstdc++.so.6 kan ṣoṣo ló máa ń wọlé. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni gbogbo ará ilé máa lò. Ti géèmù, tó ti Ubuntu 20.04 wá, dúró ní GLIBCXX_3.4.28. Ti Fedora, tí wọ́n fi GCC, ètò tó ń kọ̀mpáílì C++, tuntun ṣe, ti kọjá 3.4.30. Géèmù náà dà bí àlejò tó gbé ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀ wá, tó yọ ti onílé, tó wá ń yà á lẹ́nu pé onílé kò rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lò mọ́. Driver Nvidia tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe kò gbára lé libstdc++ ti kọ̀ǹpútà. Ìdí tí tirẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe pé ó dára ju AMD lọ.

Àbúrò kọ́kọ́ rò pé `LD_LIBRARY_PATH` ló fà á, pé bí òun bá fi RPATH `$ORIGIN/lib`, ìyẹn ọ̀nà láíbìrì tí a ń kọ sínú ètò fúnra rẹ̀, síbẹ̀ dípò rẹ̀, driver á rí tirẹ̀ lò. Ó dán an wò. Ìkìlọ̀ kan náà jáde. RPATH dára, mo sì gbà á níyànjú láti fi í síbẹ̀, torí kì í jẹ́ kí fódà géèmù ba àwọn àṣẹ mìíràn jẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí `dirname`. Ṣùgbọ́n kò lè yanjú èyí. Orúkọ kan náà ni libstdc++ méjèèjì ń jẹ́, tí èyí tó ti wọlé kò sì ní jẹ́ kí èkejì wọlé.

Ìpinnu tí a ṣe ni pé kí a yọ libstdc++ àti libgcc_s tó ń bá a rìn kúrò nínú ẹrù pátápátá. Gẹ́gẹ́ bíi glibc, libstdc++ máa ń tọ́jú iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a bá kọ̀mpáílì lórí èyí tó pẹ́, èyíkéyìí tó bá jẹ́ tuntun jù ú lọ máa gbà á. Bí o bá ti kọ̀mpáílì lórí ẹ̀yà Linux tó pẹ́ tó, kò sí ìdí tí wàá fi gbé libstdc++ dání mọ́. Àwọn kan máa ń lo `-static-libstdc++`, tí wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ètò fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni, àmọ́ géèmù yìí ń gbé láíbìrì ohùn OpenAL Soft dání, tí òun náà jẹ́ C++ tó sì nílò libstdc++ tirẹ̀, nítorí náà kò ní gbà wá lọ́wọ́ wàhálà tán.

Ohun tó kù ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mú lọ. Ohun tó bá so mọ́ kernel, mọ́ káàdì àwòrán, tàbí mọ́ ètò tó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà ró, ti onílé ni kí o lò: libc àti gbogbo ẹbí rẹ̀, libGL, libEGL, libdrm, libX11, libxcb, libwayland-client, libasound, àti libstdc++. Ohun tó jẹ́ ti géèmù rẹ, tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń yí láti ẹ̀yà Linux kan sí èkejì, ni kí o gbé: SDL2 àti àwọn àfikún rẹ̀, libvorbis, libpng, OpenAL. libssl jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára: Ubuntu 20.04 ní ẹ̀dà 1.1, Ubuntu 22.04 ti yọ ọ́ kúrò ó sì ń lo ẹ̀dà 3. Ẹni tó bá gbójú lé ti onílé níbẹ̀ yóò ṣubú.

A fi irinṣẹ́ podman gbé Debian 11 sínú kọ̀ńténà, àyè tí a yà sọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà fún ẹ̀yà Linux mìíràn, kí ẹnikẹ́ni nínú wa lè tún un kọ̀mpáílì lọ́nà kan náà. Ẹ̀dà tí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń pè ní sniper nínú Steam Linux Runtime, Debian 11 náà ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn sì dùn mọ́ wa nínú torí wọ́n ń gbèrò láti lọ tà á níbẹ̀. `objdump -T`, tó ń ka nọ́ńbà ẹ̀dà tí ètò ń béèrè, fi hàn pé GLIBC_2.29 ni ohun tó ga jù tí géèmù ń béèrè báyìí, `pow` tó wà nínú ìṣirò fífò akọni géèmù náà ló sì fà á. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún dá wa dúró. SDL2 tó wà nínú Debian 11 jẹ́ 2.0.14, a sì fẹ́ tuntun, nítorí náà a kọ̀mpáílì SDL2 fúnra wa nínú kọ̀ńténà. Géèmù ṣí, àwòrán rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó yadi. Páàdì tí wọ́n fi ń ṣeré kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Kò sí ìkìlọ̀ àṣìṣe kankan nígbà tí a ń kọ̀mpáílì. SDL kì í so ara rẹ̀ mọ́ PulseAudio, tó ń gbé ohùn, tàbí Wayland, tó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà ró, tààrà. Nígbà tí géèmù bá ṣí ló máa ń wá wọn. Ṣùgbọ́n kó tó lè mọ bó ṣe máa wá wọn, àwọn fáìlì àlàyé wọn gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń kọ̀mpáílì rẹ̀. Kọ̀ńténà tuntun ṣófo. SDL wò yíká, kò rí wọn, ó sì ṣe ara rẹ̀ láìsí wọn, ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. A fi `libpulse-dev`, `libasound2-dev`, `libwayland-dev`, `libxkbcommon-dev` àti `libudev-dev` sí i, a tún un kọ̀mpáílì, ohùn sì dé. Ẹni tó bá ń kọ̀mpáílì SDL nínú kọ̀ńténà, kó ka àkójọ tí ó máa ń kọ jáde ní ìparí ìṣètò rẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn.

Ibi tí géèmù ń tọ́jú ibi tí ènìyàn bá eré dé náà ní ìtàn tirẹ̀, mo sì máa sọ ọ́ ní kúkúrú. Inú fódà géèmù gan-an ló ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá gba ẹ̀dà tuntun wálẹ̀ tó sì pa fódà àtijọ́ rẹ́ ti pàdánù gbogbo eré rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí géèmù náà, ìbànújẹ́ rẹ̀ sì dùn mí gan-an, torí ohun tí ìlà kóòdù kan lè dènà ni. `SDL_GetPrefPath` á fún ọ ní àyè tó tọ́ lábẹ́ `~/.local/share`, `SDL_GetBasePath` á sì sọ ibi tí géèmù fúnra rẹ̀ wà. Ti èkejì yìí ṣe pàtàkì fún áíkọ̀n inú mẹ́nù: géèmù tí ènìyàn ṣí láti inú mẹ́nù kì í bẹ̀rẹ̀ nínú fódà rẹ̀, nítorí náà kóòdù tó ń wá `aworan/` láìsọ ibi tó wà kò ní rí i.

Lẹ́yìn tí tar.gz ti dúró dáadáa ni a tó wá gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. AppImage wù wá, torí fáìlì kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n AppImage tí irinṣẹ́ wa ṣe nígbà náà nílò libfuse2, Ubuntu 22.04 kì í sì gbé e dání láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń lò ó rí ìkìlọ̀ pé "AppImages require FUSE to run", ọ̀pọ̀ wọn sì rò pé géèmù ló bàjẹ́. AppImage ṣeé ṣí pẹ̀lú `--appimage-extract-and-run`, ìpìlẹ̀ tuntun tí kò nílò libfuse2 mọ́ sì ti wà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ra géèmù tó kàn fẹ́ ṣeré, a kò fẹ́ fi ohun kan tó gba àlàyé rọ́pò òmíràn.

Flatpak, ọ̀nà ìdì ètò tó ń gbé ìpìlẹ̀ láíbìrì tirẹ̀ wá, ló jọ mí lójú jù nínú ìrònú tó wà nídìí rẹ̀. Géèmù, libstdc++ àti Mesa, láti inú ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń wá, ìjà tí mo ròyìn lókè yìí kò lè wáyé. Páàdì kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ títí a fi fún un ní `--device=all`, torí Flatpak máa ń ti géèmù mọ́ inú yàrá tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló rí ìṣòro tó wúwo jù. Ẹni tí kò tíì ní Flatpak kankan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa gba ìpìlẹ̀ tó tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún megabyte wálẹ̀ kó tó ṣe géèmù tí kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí àwọn méjèèjì ń gbé, owó dátà ni ènìyàn fi ń ka ìyẹn. Wọ́n fi Flatpak síta fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, tar.gz sì dúró gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n ń kọ́kọ́ fi han olùrà.

Kí wọ́n tó gbé ẹ̀dà kankan jáde báyìí, ìwé àṣẹ kan máa ń yẹ ẹrù wò. Bí `objdump` bá rí GLIBC tó ju 2.31 lọ nínú fáìlì kankan, ó dá iṣẹ́ dúró. Bí libstdc++, libGL tàbí libdrm bá yọ́ wọnú fódà `lib`, ó dá iṣẹ́ dúró. Bí lẹ́tà ńlá bá wà nínú orúkọ fáìlì, ó dá iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni yóò tú tar.gz sínú kọ̀ńténà Debian 11, Ubuntu 20.04, Fedora àti Arch, yóò sì wá "not found" nínú èsì `ldd`. Kọ̀ńténà kò lè dán káàdì àwòrán wò, nítorí náà àbúrò wá olùdánwò mẹ́ta láàárín àwọn tó ń ra géèmù náà: ọ̀kan pẹ̀lú AMD, ọ̀kan pẹ̀lú Intel, ọ̀kan pẹ̀lú Nvidia. Ẹ̀dà kankan kì í jáde kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dáhùn. Ó tún pa ọ̀rọ̀ nípa Nvidia rẹ́ kúrò lójú ìwé títà náà, ó sì kọ̀wé sí àwọn tó ti gba owó wọn padà.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ báyìí ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó fẹ́ ṣe géèmù náà lórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, wá. Debian 11 ní ẹ̀dà fún aarch64, irú ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀, kóòdù náà sì kọ̀mpáílì nínú kọ̀ńténà rẹ̀ láìjanpata. Ṣùgbọ́n OpenGL tí àbúrò kọ géèmù lé lórí jẹ́ 3.3, driver Raspberry Pi 4 sì ń fún OpenGL ES 3.1, OpenGL ti àwọn ẹ̀rọ kékeré, ní kíkún ju OpenGL ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ. Ó ti ń tún apá tó ń ya àwòrán kọ fún OpenGL ES. Títí ó fi máa parí, a kò ní gbé ẹ̀dà aarch64 kankan síta.